Ìròyìn ìkẹyìn: fọ́tò ìsọmọlórúkọ ti jáde o!

Ẹ kú àdúrótì, ẹ̀yin ará. Èmi tí mo kígbe lọ́sẹ̀ tó kọjá pé àbúrò mi ṣe Quick Format (èyí tó ń sọ dírákì di bí òfìfo kíákíá) sí dírákì D, ibi tí mo ń kó fáìlì sí nínú kọ̀ǹpútà, nílé wa ní Kubwa, tí fọ́tò ìsọmọlórúkọ ọmọ mi sì pòórá, mo ti rí wọn!

Ẹni tó ní kí n má fi ohunkóhun sórí dírákì náà mọ́ ló gbà mí. Fáìlì ò tíì kúrò níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà kàn ka àyè rẹ̀ sí òfìfo ni, títí nǹkan mìíràn yóò fi gorí rẹ̀. (Ká ní SSD ni, irú dírákì tó sábà máa ń nu irú àyè bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, bóyá ẹkún ni mo ń sun báyìí.) Mo ra hard disk mìíràn ní Banex (ọjà ẹ̀rọ ní Àbújá), mo lo PhotoRec, ètò kọ̀ǹpútà tó ń wá fáìlì tó sọnù, ọ̀fẹ́ ni, mo ní kó máa kó ohun tó bá rí sórí tuntun yẹn. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì kó tó parí. Ọpẹ́lọpẹ́ bátìrì.

PhotoRec kì í dá orúkọ fáìlì padà ṣá. Lẹ́tà f àti nọ́ńbà lásán ni gbogbo wọn ń jẹ́, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ níbi tí mo ti ń ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́ta ò ṣí rárá. Ṣùgbọ́n èyí tí Màámi ti gbé ọmọ lọ́wọ́, tí wọ́n ń fi oyin kàn án lẹ́nu, ó pé pérépéré.

Ẹ ṣé gan-an. Mo ti pa ọ̀rọ̀ yìí dé.