Olùkọ́ ń fa ìlà pupa sí Yorùbá Ìjẹ̀ṣà ọmọ mi: kí ni kí n ṣe?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin òbí. Iléṣà la wà, ẹnu ìyá mi lọ́mọ mi sì ti gbọ́ Yorùbá. "Ulé" ló ń pe ilé, "ùlú" ló ń pe ìlú. Ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú àròkọ, olùkọ́ fa ìlà pupa sí gbogbo rẹ̀, ó wá kọ "èdè ará oko" sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Látìgbà náà, ọmọ ò fẹ́ dá ìyá àgbà lóhùn mọ́ níṣojú àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dùn mí wọra.

Mo gbà pé ó gbọ́dọ̀ mọ Yorùbá àjùmọ̀lò, òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò WAEC. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka èdè Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé ìyẹn kà jù, àkọtọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 1974 la sì fi ń kọ ọ́. Àdéhùn ni, kò sọ ẹnu Ìjẹ̀ṣà di àṣìsọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ́ni ní Iléṣà tàbí Ilé-Ifẹ̀, báwo lẹ ṣe ń tọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sọ́nà tí kò fi ní kẹ́gàn èdè ilé ẹ̀? Ṣé olùkọ́ yẹn ni kí n kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, àbí ọ̀gá ilé ìwé? Ẹni tó bá sì mọ ìwé tó to Ìjẹ̀ṣà àti Yorùbá àjùmọ̀lò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dárúkọ ẹ̀.