Ẹ gbà mí nímọ̀ràn o, mower mi ń tú èéfín

Ọkọ Àṣàkẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Koríko ni mo ń gé ní Ìkòyí. Mower onítáyà mẹ́rin, èyí tí èèyàn ń jókòó lé lórí, ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, bí mo ṣe sítáàtì rẹ̀ báyìí, èéfín bo gbogbo ọgbà. Màdáámù yọjú lókè, ó ní ṣé mo fẹ́ pa àwọn ajá òun ni. Ajá o! Ó lé mi jáde, kò sì sanwó iṣẹ́ tí mo ti ṣe sílẹ̀. Tòkunbọ̀ ni mo ra ẹ̀rọ yìí, ẹni tó tà á fún mi sì ti yí nọ́ńbà. Kí ló dé tó ń ṣe báyìí?

Ọmọ Mushin: Ẹ̀gbọ́n, àwọ̀ wo ni èéfín náà? Tó bá dúdú, epo ló pọ̀ jù, tàbí kí fíltà afẹ́fẹ́ ti dí. Tó bá funfun bíi búlúù, ọ́ìlì ló ń jó.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú: Jẹnẹrétọ̀ kékeré tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì tí mò ń pò mọ́ epo ló pọ̀. Mo dín in kù, èéfín lọ.

Bàbá Èbúté-Mẹ́ta: Ìyá Ìbejì, two-stroke nìyẹn, ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. A kì í po ọ́ìlì mọ́ epo mower yìí. Ẹ má kó bá ọmọ ọlọ́mọ.

Ìyá Ìbejì Ṣómólú: Ohun tójú mi rí ni mo sọ, sà. Mi ò fipá mú ẹnikẹ́ni.

Ọkọ Àṣàkẹ́: Ẹ ṣeun. Mẹkáníìkì mi ní ríǹgì inú ẹ́ńjìnì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì gòkè lọ jó, ló ti jẹ, mo ti kówó fún un. Ṣé ẹnì kan lè bá mi bẹ màdáámù yìí?

Ọmọ Mushin: Àwọ̀ èéfín ni mo bi yín o.

Tàfá Gbàgádà: Ríǹgì ni jàre. Ó pọ̀ ní ọjà pááàtì Ládipọ̀.

Bàbá Èbúté-Mẹ́ta: Ríǹgì kẹ̀? Ṣé ó ń jẹ ọ́ìlì? Àbí o fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ nígbà tó ò ń fọ abẹ́ rẹ̀?

Ọkọ Àṣàkẹ́: Ó funfun, ó tún fẹ́ jọ búlúù. Mi ò fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ̀rọ mi kì í jẹ ọ́ìlì rárá, ẹ má bà á lórúkọ jẹ́! Ńṣe ló tiẹ̀ ń pọ̀ sí i. Mo fa gééjì ọ́ìlì yọ lánàá, ọ́ìlì ti kọjá àmì, bẹ́ẹ̀ mi ò fi kún un.

Ọmọ Mushin: Hẹ̀n! Ẹ fi imú sí gééjì yẹn.

Ọkọ Àṣàkẹ́: Ó ń rùn bíi bẹntiró díẹ̀. Ọwọ́ mi ni, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ da epo ni.

Bàbá Èbúté-Mẹ́ta: Ọwọ́ wo? Má sítáàtì rẹ̀ mọ́! Abẹ́rẹ́ inú kabúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ni kò dí ọ̀nà epo mọ́. Tó o bá gbé ẹ̀rọ sílẹ̀, epo á máa ṣàn láti táńkì gba sílíńdà bọ́ sínú ọ́ìlì. Ọ́ìlì náà ti kún jù, ó sì ti ṣàn bí omi, ìyẹn ló ń gòkè lọ jó. Bó o bá ń lò ó bẹ́ẹ̀, ríǹgì á wá jẹ lóòótọ́. Da ọ́ìlì yẹn nù pátá. Fọ kabúrétọ̀, pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kó o wo fíltà afẹ́fẹ́ bóyá ọ́ìlì ti rin ín, kó o tó da tuntun sí i. Kó o sì máa ti táàpù epo tó o bá ṣiṣẹ́ tán.

Ọkọ Àṣàkẹ́: Táàpù yẹn ti bàjẹ́ kí n tó rà á, sà. Owó ríǹgì mi wá ńkọ́?

Tàfá Gbàgádà: Pe mẹkáníìkì yẹn kó tó dé Ládipọ̀.