Àwọ̀n ni ó ń ṣà, àbí apẹja?

Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ọ̀fà dábàá pé bí irinṣẹ́ ìpẹja ṣe ń mú irú kan, tí ó ń fi òmíràn sílẹ̀, kí a máa pè é ní "ìṣàyàn ohun èlò ìpẹja". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ohun tí ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá yóò kọ́kọ́ rò ni pé apẹja dúró ní ìsọ̀, ó ń yan àwọ̀n tí yóò rà. Bẹ́ẹ̀, àwọ̀n gan-an ni ó ń ṣà. Bàbá apẹja kan tí mo bá létí odò Àsà ní Ìlọrin ti ìka méjì bọ ojú àwọ̀n rẹ̀, ó ní, "Èyí tí ó bá kéré ju báyìí lọ, àwọ̀n yìí kò mọ̀ ọ́n." Ibẹ̀ ni mo ti mú "ìṣàmú". Mo ti kọ́kọ́ ro "ìjọ̀", láti ara ajọ̀ tí a fi ń jọ èlùbọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀ kì í jọ nǹkan. Ìjẹ àti títóbi ìwọ̀ ni ó ń pinnu ẹnu tí yóò há.

Squid ni kí a fi dán an wò (kì í ṣe ẹja o, ẹbí ìgbín ni). Ọ̀pọ̀ irú wọn kì í lò ju nǹkan bí ọdún kan lọ láyé: wọ́n á yé ẹyin, wọ́n á sì kú. Àgbàdo ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ọmọ ń hù nídìí ìyá. Bí èyí tí yóò yé ẹyin lọ́dún yìí bá tán, kò sí àgbà kankan nílẹ̀ tí yóò dípò rẹ̀. Wọ́n sì ń yára dàgbà débi pé èyí tí ó bọ́ lójú àwọ̀n lónìí lè há sínú rẹ̀ lóṣù tí ń bọ̀.

Ìdí nìyí tí n kò fi gba "àṣẹ́kù" tí ẹlòmíràn mú wá fún àwọn tí a fi sílẹ̀ láti yé ẹyin. Àṣẹ́kù ni ohun tí ó kù nínú àwo, a fẹ́ tàbí a kọ̀. Ní Erékùṣù Falkland, ní gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, níbi tí ọkọ̀ ti ń tan iná lálẹ́ kí irú squid kan tí ń jẹ́ Illex argentinus lè wá gbé ìwọ̀, òdiwọ̀n wọn ni pé nínú iye tí ìbá yè bí ẹnikẹ́ni kò bá pẹja, ìdá 40 nínú 100 gbọ́dọ̀ ṣì wà láàyè nígbà tí àsìkò bá parí. Bí ó bá fẹ́ẹ́ dín sí i, wọn a dá ìpẹja dúró. Ẹ̀mí tí a mọ̀ọ́mọ̀ dá sí ni, "ìdásí" ni mo sì pè é. Ẹni tí ó bá ní ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìṣàmú lọ fún ti ìwọ̀, kí ó mú un wá; ìdásí ni n kò ní jọ̀wọ́.