Pọ́ǹpù ṣáwà wa kì í tètè dìde: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Ìbejì, Kubwa:
Ẹ kú ojúmọ́, ẹ̀yin ará. Ilé ilẹ̀ ni à ń gbé, irin tí a gbé táǹkì 1,000 lítà lé kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju òrùlé balùwẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí oṣù méje sẹ́yìn, a ra pọ́ǹpù kékeré kan fún ṣáwà, irú èyí tí ń dìde fúnra rẹ̀ bí omi bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn. Ó kọ́kọ́ ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí, omi á kàn máa kán tó, tó, tó, àfi bí mo bá ṣí i tí mo tì í lẹ́ẹ̀márùn-ún kí ó tó gbéra. Bí ó bá sì ti gbéra, kì í kú títí a ó fi wẹ̀ tán. Àárọ̀ ló ń ṣe agídí jù. Lánàá, ọṣẹ gbẹ mọ́ ìyá ọkọ mi lára, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ojú mi rí. Púlọ́ńbà wa ní kí a ra òmíràn, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò gbà á.

Ọmọ Ọ̀fà, Lugbe:
Ẹ kú ìnira, mà. Kí ó tó gbéra, ṣé ó máa ń kùn? Bí ó bá ń kùn láìyí, ó lè jẹ́ pé iná kò lágbára tó tàbí pé kapásítọ̀ rẹ̀, ìyẹn ohun tí ń ran mọ́tò rẹ̀ lọ́wọ́ láti gbéra, ti ń kú.

Ìyá Ìbejì:
Rárá o. Ó dákẹ́ rọ́rọ́ ni.

Bàbá Suleja:
Ẹ jẹ́ kí rewáyà so wáyà rẹ̀ pọ̀ tààrà, kí ó fi swíìsì sí ara ògiri. Ó parí.

Púlọ́ńbà Gwarinpa:
Bàbá, ẹ má bínú, kò parí. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé swíìsì yẹn nígbà tí omi ti tán nínú táǹkì, pọ́ǹpù á máa yí lórí òfìfo, rọ́bà tí ń dí omi nínú rẹ̀ á sì jó.

Mà, bí ó ṣe dákẹ́ yẹn fi hàn pé pọ́ǹpù kò tíì mọ̀ pé ẹ ti ṣí omi. Nǹkan kékeré kan tó ní mágínẹ́ẹ̀tì wà nínú rẹ̀, omi tí ń ti táǹkì ṣàn bọ̀ ló ń gbé e sókè, ìgbà náà ni iná tó wọlé. Nítorí náà omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣàn fúnra rẹ̀, gíga mítà kan láàárín omi táǹkì àti orí ṣáwà kò sì ju agbára 0.1 bar lọ (bar ni a fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì), ìyẹn kéré gan-an. Mo rò pé ìdí nìyẹn tí àárọ̀ fi le: bí ẹ bá lo omi títí di alẹ́, omi inú táǹkì á ti lọ sílẹ̀.

Ẹ tú orí ṣáwà kúrò, kí ẹ mú họ́ọ̀sì rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ orúnkún, kí ẹ wá ṣí omi. Bí pọ́ǹpù bá dìde lójú ẹsẹ̀, kò bàjẹ́. Bí omi bá ń ya tí kò sì dìde, iyanrìn tàbí ìpẹtà ló há mágínẹ́ẹ̀tì yẹn mọ́lẹ̀, a jẹ́ pé ẹ ó pa iná pátápátá kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n tú u.

Ìyá Ìbejì:
Ó dìde lójú ẹsẹ̀! A fọ asẹ́ ẹnu pọ́ǹpù, iyanrìn kànga ẹ̀rọ wa kún ibẹ̀; a sì rẹ orí ṣáwà sínú fínígà mọ́jú nítorí ẹfun tó dí ojú ihò rẹ̀. Ó ti sàn gan-an, ṣùgbọ́n bí táǹkì bá ti dé ìdajì, ó tún ń lọ́ra.

Púlọ́ńbà Gwarinpa:
Ó ku gíga nìyẹn. Ẹ gbé táǹkì sókè sí i ní mítà kan, tàbí kí ẹ ra irú pọ́ǹpù tí ń dìde nítorí pé agbára omi inú páìpù já wálẹ̀ nígbà tí a ṣí i, èyí tí kò nílò kí omi kọ́kọ́ ṣàn fúnra rẹ̀. Tẹ̀yin kò tíì bàjẹ́, irin ni èmi ì bá fi owó mi ṣe. Ẹ sọ fún jórinjórin pé omi 1,000 lítà tó tọ́ọ̀nù kan o.

Ìyá Ìbejì:
Ẹ ṣeun púpọ̀, sà. Jórinjórin ń bọ̀ wá wọn irin náà lọ́jọ́ Sátidé. Títí dìgbà náà, a ó máa rọ omi kún táǹkì lálẹ́ kí a tó sùn.