Ohun tí mo rí ní sùkúù ọmọ mi ní Guangzhou

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà lórí ọ̀rọ̀ bóyá sáyẹ́ǹsì àti àṣà pẹ̀lú èdè ẹni lè jọ rìn nínú ẹ̀kọ́ ọmọ, torí ó jẹ mí lógún gan-an. Guangzhou ní Ṣáínà la wà, sùkúù ìjọba ni ọmọ mi ń lọ pẹ̀lú àwọn ọmọ Ṣáínà. Láti 2017 ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sáyẹ́ǹsì láti pírámárì wọ́ọ̀nù, Mandarin, èdè ìjọba Ṣáínà, sì ni wọ́n fi ń kọ́ wọn. Tó bá di alẹ́, ọmọ yìí á so wáyà mọ́ bátìrì àti gílóòbù kékeré títí á fi tàn, tó bá ṣe tán á tún gbé ìwé míì, á máa ka ewì ayé ìjọba Tang sórí, ewì tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún o! Kò sẹ́ni tó ń sọ fún un pé kó mú ọ̀kan kó fi ọ̀kan sílẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ìtàn Tu Youyou, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Ṣáínà. Gbogbo ẹni tó bá ti lo oògùn ibà tó ní artemisinin, obìnrin yẹn ló wà nídìí ẹ̀. Wọ́n ń fi iná yọ oògùn lára ewé qinghao, kò ṣiṣẹ́ dáadáa, ló bá lọ ṣí ìwé Ge Hong, oníṣègùn ayé àtijọ́ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn. Ìwé yẹn ní kí wọ́n rẹ ewé náà sómi, kí wọ́n fún omi ẹ̀ jáde, kí wọ́n mu ún. Kò ní kí wọ́n sè é! Ibẹ̀ ló ti rò ó pé bóyá iná ló ń ba agbára ewé jẹ́, ló bá lo ether, kẹ́míkà olómi kan tó máa ń hó ní nǹkan bí 35°C péré. Ní 1971 oògùn tó rí yọ pa kòkòrò ibà inú ara eku tán, lọ́dún tó tẹ̀ lé e Tu fúnra ẹ̀ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e mu kí wọ́n tó fún aláìsàn, ní 2015 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló tẹ́ mi lọ́rùn o. Àwọn ará Guangzhou ní èdè tiwọn, Cantonese, àmọ́ Mandarin ni ti sùkúù. Ìyá àgbà kan máa ń wà ní géètì tó ń fi Cantonese bá ọmọọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀, Mandarin lọmọ fi ń dá a lóhùn. Ní Inner Mongolia, agbègbè kan ní àríwá Ṣáínà tí àwọn Mongol ń gbé, ní 2020, nígbà tíjọba fi Mandarin rọ́pò èdè Mongol nínú àwọn iṣẹ́ kan ní sùkúù, ọ̀pọ̀ òbí ò jẹ́ kọ́mọ wọn lọ sùkúù. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi láé. Wọ́n ń gbé àṣà lárugẹ lóòótọ́, àmọ́ àṣà ti àwọn tó pọ̀ jù ni.

Nílé ní Nàìjíríà, wọ́n á ní sáyẹ́ǹsì ò ṣeé fi Yorùbá kọ́. Irọ́ ni! Láti 1970 ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ pírámárì ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fọ́dún mẹ́fà, wọ́n sì ta àwọn ẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan nínú èdè òyìnbó gan-an. Ẹni tó bá mọ ibi tí mo ti lè rí àwọn ìwé tí wọ́n lò nígbà yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ sọ fún mi, mo fẹ́ fi kọ́ ọmọ mi.