Òrùka ìgò ike lára igi: kí ló dé tí kò fi di í mú?

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá káfíńtà àti ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ike. Ọ̀rọ̀ àpótí ìjókòó ni mo gbé wá. Ẹ̀ka gmelina gbígbẹ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ àti igi ìdábùú rẹ̀, gbogbo wọn nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4. Ìṣó ń la ẹ̀ka náà sí méjì, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ lo ìgò ike: kí n gé e bí òrùka, kí n fi bọ ibi tí igi méjì ti pàdé, kí n fi heat gun (ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná) mú un gbóná títí yóò fi súnkì mọ́ wọn lára.

Ìgò ẹlẹ́rìndòdò 50cl àti ti lítà 1.5 ló wà nílẹ̀. Àwọn òrùka kan súnkì lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń yí gbirigbiri lára igi. Àwọn mìíràn di funfun, wọ́n sì ń ya létí. Irú ìgò wo ló tọ́ sí ibi wo? Báwo ni kí igi rí lábẹ́ òrùka? Báwo ni kí ooru náà ṣe pọ̀ tó? Ṣé àgbàlagbà sì lè jókòó lé e láìfòyà?

Oníke_Mushin

Ẹ fi okùn wọn igi, kí ẹ fi wọn ìgò náà, kí ẹ tó fọwọ́ kan iná. Ibẹ̀ ni ìṣòro yín ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgò 50cl fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 6.5, àyíká rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 20. Ti lítà 1.5 fẹ̀ tó bíi 9, àyíká rẹ̀ á jẹ́ 28. Ẹ̀ka kan ṣoṣo tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 4, àyíká rẹ̀ ò ju 12.6 lọ. Tí ẹ bá fi ìgò lítà 1.5 bọ ẹ̀ka kan yìí, ẹ̀ ń retí kí ike fún títí yóò fi ku ìdá 45 nínú 100. Agbára rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó dé ara igi. Òrùka tó ń yí gbirigbiri nìyẹn. Ẹ tún wo ẹ̀ka méjì tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: àyíká wọn jẹ́ 20.6. Ìgò 50cl ò ní wọlé rárá, ti lítà 1.5 ló bá a mu, torí ìdá 73 péré ló ní láti fún dé. Èmi kì í jẹ́ kí àyíká igi kéré sí ìdá 60 ti ìgò, n kì í sì í jẹ́ kó ju ìdá 90 lọ. Tó bá ju 90 lọ, ike á kan igi kíákíá lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ní rí àyè wọ inú àwọn ibi tí ẹ fín.

Ìdí tó fi ń súnkì rèé. Ní ilé iṣẹ́, ọ̀pá ike kékeré kan tó nípọn ni ìgò kọ́kọ́ jẹ́, ẹnu rẹ̀ nìkan ló ti rí bí ẹnu ìgò. Wọ́n á mú un gbóná dé nǹkan bíi 100°C, wọ́n á fi irin nà án gùn, wọ́n á wá fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú kó wú títí yóò fi kan ara àwòṣe tútù, yóò sì gan síbẹ̀ lójijì. Nínà yẹn ò tíì kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí ooru bá tún kọjá 75 sí 80°C, ike á máa padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Wọ́n máa ń fẹ̀ ẹ́ ju bí wọ́n ṣe ń nà án gùn lọ, ìdí nìyẹn tí òrùka fi ń fún ju bó ṣe ń kúrú lọ. Ọrùn ìgò ò fẹ̀ rárá, àárín ìdí rẹ̀ náà ò fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀, nítorí náà ẹ gé méjèèjì kúrò, wọn ò ní ṣe ohunkóhun fún yín.

Ẹ wo abẹ́ ìgò. Nọ́ńbà 1 nínú onígun mẹ́ta ni ẹ̀ ń wá. Nọ́ńbà 2, irú ike bílíìṣì àti ike ọ́ìlì mọ́tò, kì í súnkì: rírọ̀ ló máa ń rọ̀ tí á sì máa ro sílẹ̀. Nọ́ńbà 5 náà rí bẹ́ẹ̀. Nínú àwọn nọ́ńbà 1 pàápàá, ẹlẹ́rìndòdò onígáàsì ni ọ̀gá wọn, torí ara wọn nípọn. Ìgò omi fẹ́lẹ́, ó máa ń ya níbi igun igi. Ẹ ṣọ́ra fún ìgò júùsì tí wọ́n rọ júùsì gbígbóná sí: ọrùn rẹ̀ sábà máa ń funfun, ara rẹ̀ sì máa ń ní ojú pẹrẹsẹ tó wọnú. Wọ́n ti fi ooru tọ́jú irú rẹ̀ kó má baà súnkì, kò sì ní súnkì fún yín náà.

Ayùn_Mímú

Oníke ti sọ ti ìgò, ẹ jẹ́ kí n sọ ti igi. Ike ò lẹ̀ mọ́ igi rárá. Dídì ló ń di í, bí okùn. Tí igi bá rí róbótó tó sì ń dán, kò sí ooru tí ẹ lò tí òrùka ò ní yí.

Ẹ kọ́kọ́ fi fáìlì igi tẹ́ ojú tí àwọn ẹ̀ka méjèèjì ti máa kan ara wọn, kí ojú náà fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, kí ìmọ́lẹ̀ má lè gba àárín wọn kọjá. (Ẹ tún wọn àyíká lẹ́yìn èyí, á ti dín díẹ̀.) Lẹ́yìn náà, ní ẹ̀yìn ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, níbi tí ike máa bò, ẹ fi ayùn fà á ní ìdábùú, kó jìn tó mìlímítà 2, kí ìlà kan jìnnà sí èkejì tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ìlà mẹ́rin tàbí márùn-ún ti tó. Inú ìlà wọ̀nyẹn ni ike máa rì sí, ohun tí kò ní jẹ́ kó yọ̀ sókè sódò nìyẹn. Tí ẹ bá tún lè gbẹ́ àárín ibẹ̀ wọnú díẹ̀, bíi mìlímítà 3, kí etí méjèèjì ga ju àárín lọ, ẹ gé ike kó gùn kọjá etí kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà 2. Á ká sódì kejì etí náà, á sì há mọ́ ibẹ̀.

Gbogbo igun tó mú, ẹ fi sáńpépà pa á. Òrùka tó ń ya létí lè jẹ́ ti ooru, ó sì lè jẹ́ pé igun igi ló ń gé e nígbà tó ń fún. Etí ike fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀: bí ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé e tó rí gbẹ́ngbẹ̀ẹ́ngbẹ́, ibi tí eyín yẹn wà ni yíya ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi bíléèdì tuntun gé e ní ẹ̀ẹ̀kan, yíká.

Ẹ lè fi gọ́ọ̀mù funfun ti káfíńtà sáàárín ojú méjèèjì, mo fara mọ́ ọn gan-an. Ṣùgbọ́n ẹ dè é lókùn, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì kí ẹ tó gbé ooru wá. Gọ́ọ̀mù tútù àti heat gun kì í bára wọn lò.

Igi gbígbẹ ni o. Igi tútù máa jọ pé ó dúró dáadáa lónìí. Tí ọyẹ́ bá dé, igi á fún, ike ò sì ní tẹ̀ lé e.

Èédú_Ò_Tán

Lórí ooru. Tí heat gun yín bá ní nọ́ńbà, ẹ gbé e sí 250 sí 300. Ẹ má jẹ́ kí èyí dẹ́rù bà yín: atẹ́gùn tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni 300, ike fúnra rẹ̀ ò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Ibi tí iṣẹ́ ti ń dára ni kí ike wà láàárín 90 sí 120°C. Tó bá kọjá 130 tó sì pẹ́ níbẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú bí ìkùukùu, lẹ́yìn náà á di funfun. Ike tó bá ti funfun ti gan, kì í súnkì mọ́, ó sì máa ń fọ́ bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Kò sí àtúnṣe fún un, ẹ gé e kúrò kí ẹ fi òmíràn sí i.

Nítorí náà, ẹ di ẹnu heat gun mú ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8 sí ike, kí ọwọ́ yín má dúró lójú kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín òrùka, kí ẹ yí i ká títí yóò fi mú igi, kí ẹ tó lọ sí etí kan, lẹ́yìn náà sí etí kejì. Tí ẹ bá kọ́kọ́ dojú kọ ẹ̀gbẹ́ kan, gbogbo òrùka á fà sí ibẹ̀, á wọ́. Bí ike bá ti ṣíwọ́ rírìn lójú kan, ẹ kúrò níbẹ̀, ó ti ṣe tán.

Ẹni tí kò ní heat gun lè lo èédú. Kí èédú pọ́n dáadáa, kó má ní ọwọ́ iná kankan, kí ẹ máa yí igi lókè rẹ̀ bí ẹni ń sun àgbàdo, ní nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan sí i. Àbẹ́là ò dára: á fi èéfín dúdú kun ike, á sì dá ihò sí i. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun lè mú ìgò omi súnkì, ṣùgbọ́n ìgò ẹlẹ́rìndòdò máa ń ju agbára rẹ̀ lọ.

Ẹ fọ ìgò kí ẹ sì gbẹ ẹ́. Ṣúgà tó kù nínú rẹ̀ máa ń jóná dúdú. Kẹrosíìnì díẹ̀ á ṣí gọ́ọ̀mù bébà ara rẹ̀. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, torí ike gbígbóná tó bá lẹ̀ mọ́ awọ ara kì í ṣeé já kúrò wọ́ọ́rọ́wọ́.

Tòótọ́Ni

Omi híhó ńkọ́? 100°C ni, kò lè tètè sọ ike di funfun. Ó dára ju heat gun lọ lójú tèmi.

Oníke_Mushin

Òótọ́ ni fún ike, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n igi ló máa mu omi náà. Á wú lábẹ́ òrùka, ike á súnkì mọ́ igi tó ti wú, tí igi bá wá gbẹ tán, àyè á ṣí sílẹ̀. Igi tí wọ́n ti kùn ní fánìṣì, bí èèkù àdá, lè gbà á, ẹ dà á lé e lórí kíákíá kí ẹ sì nù ún. Ẹ̀ka tí wọn ò kùn, rárá.

Ẹlẹ́sẹ̀Mẹ́rin

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá. Ó kù méjì. Ibi tí igi ìdábùú ti lọ kan ẹsẹ̀ ní tààrà, wọn ò tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, báwo ni òrùka ṣe máa wọ̀ ọ́? Èkejì, ẹnì kan fẹ́ kí n fi ọparun ṣe irú àpótí yìí fún òun. Ṣé bákan náà ni?

Ayùn_Mímú

Níbi tí igi méjì ti ṣe àgbélébùú tàbí ti ọ̀kan ti kan èkejì lórí, ẹ fi òrùka sílẹ̀, ẹ lo ọ̀já. Láti ara ìgò náà ni: ẹ gé ìdí rẹ̀ kúrò, kí ẹ máa gé ara rẹ̀ yípo yípo láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, kí ọ̀já fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1. Ìgò lítà 1.5 tí ara gbọọrọ rẹ̀ ga tó sẹ̀ǹtímítà 15 á fún yín ní nǹkan bíi mítà 4. Ìgò 50cl á fún yín ní mítà 2. Kí ó lè dọ́gba, ẹ kan bíléèdì mọ́lẹ̀ lórí pákó, kó ga ju pákó lọ ní sẹ̀ǹtímítà 1, kí ẹ wá máa fa ike gba abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ ṣe gé e yìí, ìhà tí ike ti ń fún jù ló wá di gígùn ọ̀já, nítorí náà gígùn rẹ̀ ló máa kúrú tí yóò sì fún igi. Tí ẹ bá gé ọ̀já lóòró láti ọrùn dé ìdí, ẹ ò ní rí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ igi ìdábùú níbi tó ti kan ẹsẹ̀, kó rọ̀gbà yí ẹsẹ̀ ká díẹ̀, kí ẹ sì gé àyè mìlímítà 5 sára ẹsẹ̀ kó wọlé síbẹ̀. Ẹ ju igi ìdábùú sí ìta ní sẹ̀ǹtímítà 3 tàbí 4, kó kọjá ẹsẹ̀, kí ọ̀já lè rí ohun gbá mú ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ ká a ní àgbélébùú lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí ọ̀tún, lẹ́ẹ̀mẹ́ta sí òsì, kí ẹ fi ọwọ́ fà á le bí agbára yín ṣe mọ. Ike ń yọ̀, kókó kì í dúró lára rẹ̀: ẹ ti orí ọ̀já bọ abẹ́ ìká mẹ́ta ó kéré tán, lójú méjèèjì, kí ẹ tó gbé ooru wá. Tí orí ọ̀já ò bá há dáadáa, ooru á kàn fà á yọ ni.

Lórí ìwúwo ènìyàn tí ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan: ẹ jẹ́ kí igi ru ènìyàn. Kí ìjókòó dúró sórí ẹsẹ̀ ní tààrà, kí igi ìdábùú wà nínú àyè tí ẹ gé fún un. Iṣẹ́ ike ni kí ẹsẹ̀ má là sí ìta. Micaella Pedros, tó kẹ́kọ̀ọ́ ní Royal College of Art ní London, náà fi ike ìgò tó súnkì so igi pọ̀ ṣe ohun èlò inú ilé ní 2016. Mi ò ní fi ike di àkàbà o, mi ò sì ní fi di ohunkóhun tí ènìyàn máa rọ̀ mọ́. Ike tí nǹkan ń fà lójoojúmọ́ máa ń rọra nà, pàápàá lábẹ́ páànù tàbí nínú mọ́tò tí wọ́n tì pa lójú oòrùn, níbi tí ooru ti lè súnmọ́ ìwọ̀n tó ń rọ̀ ọ́. Oòrùn fúnra rẹ̀ á sì sọ ọ́ di ẹlẹgẹ́ bó bá pẹ́ níta. Ẹ kùn ún ní ọ̀dà tí àpótí náà bá máa wà ní ọgbà.

Èédú_Ò_Tán

Ti ọparun: inú rẹ̀ ṣófo, ara rẹ̀ ń dán. Ẹ gbẹ́ igi róbótó kan kí ẹ tì í bọ inú rẹ̀ dé ibi tí òrùka máa wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á là nígbà tí ike bá ń fún un. Ẹ fi ọ̀bẹ ha awọ dídán yẹn kúrò. Ojú ayùn kò gbọdọ̀ ju mìlímítà 1 lọ, torí awọ ìta ni agbára ọparun wà. Kí ẹ sì jẹ́ kí oríkèé ọparun bọ́ sí abẹ́ òrùka, kó má wà lẹ́yìn rẹ̀: wíwú tó wú níbẹ̀ á ṣe iṣẹ́ etí tí Ayùn_Mímú ní kí ẹ gbẹ́ sára ẹ̀ka, ẹ ò sì ní gbẹ́ etí kankan.