Nọ́ńbà 400 tó wà nínú gbogbo ìwé ìwádìí: ta ló sọ ọ́ di òfin?

Atẹ̀wé Ṣómólú

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, mo kí yín o. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tẹ ìwé ní Ṣómólú. Ìwé ìpè ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú la fi ń jẹun, ṣùgbọ́n bí àsìkò àṣejáde àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti dé, ìwé ìwádìí wọn ló máa ń gba gbogbo ọwọ́ wa. Nínú ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, mo lè tẹ ti ẹni tó ń kọ́ ìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́, kí n tẹ ti ẹni tó ń kọ́ ìṣàkóso okòwò, kí ti onímọ̀ ìṣúná tẹ̀lé e, kí ti oníkẹ́mísírì sì gbẹ̀yìn, tòun ti àwọn nọ́ńbà wíwẹ́ wíwẹ́ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ìlà gún.

Ohun tí mo wá bèèrè rèé. Bí mo bá ti dé orí kẹta nínú ìwé àwọn tó ń kọ́ ètò ẹ̀kọ́ àti ìṣàkóso okòwò, n kò nílò láti ṣí i kí n tó mọ iye ènìyàn tí wọ́n máa ní àwọn bi léèrè. 400 ni, tàbí 399, tàbí 385, orúkọ Taro Yamane, ẹni tó kọ ìwé ìṣirò tí wọ́n máa ń tọ́ka sí, kì í sì í jìnnà sí i. Ọ̀kan kọ̀wé nípa àwọn olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ó bi 400. Òmíràn kọ̀wé nípa gbogbo ẹni tó ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Èkó, òun náà bi 400. Oníkẹ́mísírì ní tirẹ̀ kì í bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ló máa ń wọn ohun tó ń wọ̀n, iṣẹ́ sì ti parí nìyẹn, n kò sì tíì gbọ́ pé ẹnikẹ́ni bá a wí.

N kì bá má da ara mi láàmú, nítorí ẹni tí wọ́n gbé iṣẹ́ ìtẹ̀wé fún kì í bèèrè ohun tó wà nínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ mi obìnrin ti wọ ọdún tí yóò fi jáde báyìí, ìṣàkóso okòwò ló ń kọ́, ó sì fẹ́ ṣe ìwádìí lórí bí àwọn oníṣòwò aṣọ ní Erékùṣù Èkó ṣe ń ṣe àkọsílẹ̀ owó wọn. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà ti tẹ irú ẹ̀ rí, ènìyàn mélòó ni kí n kọ?" Ojú tì mí láti sọ fún un pé kó kọ 400 nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé ń kọ ọ́. Ṣé òfin ni? Bó bá sì jẹ́ òfin, kí ló dé tí kò de oníkẹ́mísírì?

Mo tún ní ohun kan láti jẹ́wọ́. Lọ́dún tó kọjá, ọmọkùnrin kan kó ìwé ìbéèrè 120 wá sí ṣọ́ọ̀bù mi pé kí a bá òun ka àwọn àmì tó wà nínú rẹ̀. Bíró kan ṣoṣo ni wọ́n fi kọ gbogbo rẹ̀, èyí tó máa ń da yíǹkì díẹ̀ sílẹ̀ níbi tí àmì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, àmì "mo gbà gan-an" sì tò láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi okùn wọ̀n ọ́n. Mo kà á fún un, mo gba owó mi. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń jẹ mí lọ́kàn.

Olùkọ́ Yábàá

Màmá Atẹ̀wé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ètò ẹ̀kọ́ ni mo fi ń kọ́ni kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì ti fọwọ́ sí 400 yìí ju iye tí mo lè kà lọ, nítorí náà ẹ̀bi náà kàn mí.

Kì í ṣe òfin. Ìṣirò ni, àwọn tó ń lò ó ni kì í wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ìwé Yamane tó jáde ní ọdún 1967 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí. Ẹ kọ́kọ́ mú àṣìṣe tí ẹ lè fara mọ́, èyí tó sábà máa ń jẹ́ márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 0.05, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ ní ọ̀nà ara rẹ̀, yóò di 0.0025, ẹ sọ ìyẹn náà di púpọ̀ ní ọ̀nà iye gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, kí ẹ fi ení kún un, lẹ́yìn náà ni ẹ ó wá fi ohun tó jáde pín iye gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Bí wọ́n bá jẹ́ 1,200, ẹ ó bi 300. Bí wọ́n bá jẹ́ 10,000, ó di 385. Bí wọ́n bá jẹ́ mílíọ̀nù kan, ó di 400, bí wọ́n bá sì jẹ́ ogún mílíọ̀nù, 400 náà ni, nítorí pé ìṣirò yẹn kò lè gùn kọjá ibẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wádìí gbogbo Èkó àti ẹni tó ń wádìí ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo fi ń pàdé ní ṣọ́ọ̀bù yín pẹ̀lú nọ́ńbà kan náà. Kò sí jìbìtì nínú ìyẹn.

Ibi tí jìbìtì ti ń wọlé ni àdéhùn tó wà lẹ́yìn ìṣirò náà. Ó gbà pé ẹ ti ní orúkọ gbogbo àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn, pé bí ìbò ni ẹ ṣe yan àwọn tí ẹ bi, tí olúkúlùkù sì ní àǹfààní kan náà láti bọ́ sí i. Ẹni tó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ méjì, tó fún ọmọ 200 ní ìwé ìbéèrè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò tíì bi ènìyàn 400 ní ojú ìwádìí. Ilé-ẹ̀kọ́ méjì ló bi, nítorí pé àwọn ọmọ tó ń jókòó sábẹ́ olùkọ́ kan náà máa ń jọra wọn. Ohun kejì ni pé àṣìṣe márùn-ún yẹn wà fún àpapọ̀ nìkan. Bí ọmọ yín bá pín 400 sí ọjà mẹ́rin, tó sì fẹ́ fi ọjà kan wé èkejì, 100 ló kù nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe náà á sì di mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún.

N óò fi àpẹẹrẹ kan kún un, nítorí pé ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni ẹni tó ni í. Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa kò kó ìwé ìbéèrè lọ bá 400 òbí láti mọ̀ bóyá Yorùbá yẹ fún ìkọ́ni. Ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ wọn fún odindi ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọ̀tọ̀. Wọ́n wá ní ẹgbẹ́ mìíràn tó kúrò lórí Yorùbá bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin, bí a ṣe ń ṣe é níbi gbogbo. Ẹgbẹ́ kejì yìí ni igi lẹ́yìn ọgbà ìwádìí náà. Bí kò bá sí i, ta ló máa gbà pé èdè ló mú kí àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, tí kì í ṣe pé wọ́n ṣáà jẹ́ ọlọ́gbọ́n?

Ọ̀dọ́ Akọ́wé

Gbogbo àlàyé yìí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ fún Màmá. Alábòójútó ló ń fọwọ́ síwèé, kì í ṣe àwa. Èmi mú 210 lọ bá tèmi, ó ní kí n padà lọ wá 400 wá. Mo padà, mo wá a.

Oníwádìí Ìdúmọ̀tà

Ẹ̀gbọ́n Akọ́wé, mi ò bá yín jà, ṣùgbọ́n ọmọ Màmá ṣì ní àyè láti ṣe é dáadáa, ìṣàkóso okòwò sì ni iṣẹ́ tèmi náà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí.

Mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ní Ìdúmọ̀tà àti Balógun. Bí mo bá dé ìsọ̀ tí ọjà ti ń yá, tí oníbàárà dúró ní ìlà, tí ọmọọṣẹ́ ń fi ọ̀bẹ la àpò léèsì, wọn kì í tilẹ̀ gbójú sókè wò mí. Ìsọ̀ tí ọjà kò ti yá ni wọ́n ti ń fún mi ní àga, tí wọ́n sì ń kọ ìwé mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú sùúrù. Nígbà tí mo délé tí mo ka ìdáhùn, mo rí i pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ní òwò kò lọ. Mo ti kọ gbólóhùn kan nípa ìnira òwò ní Èkó kó tó yé mi pé àwọn tí òwò wọn lọ kò ráyè dá mi lóhùn ni. Bí mo bá bi 4,000 lọ́nà yẹn, bákan náà ni irọ́ náà ì bá rí, á kàn tóbi sí i ni.

Ọmọ yín kò gbọdọ̀ bèèrè pé, "Ṣé ẹ ń ṣe àkọsílẹ̀ owó yín?" Bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo wọn máa sọ, àwọn tó bá sì rò pé owó-orí ló wá gbà yóò sọ pé àwọn kò tilẹ̀ tà. Kó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ mà, ẹ fi ibi tí ẹ kọ ọjà àná sí hàn mí." Ìyá kan ṣí ìdérí páálí aṣọ fún mi: gbogbo inú rẹ̀ ni orúkọ àwọn tó jẹ ẹ́ lówó, ó fi lẹ́ẹ̀dì pupa fa ìlà gba orí àwọn tó ti san. Nínú ìwé ìbéèrè mi àkọ́kọ́, obìnrin yìí ì bá bọ́ sí abẹ́ "kò ní ìwé àkọsílẹ̀". (Ẹ̀yin ará Ṣómólú kò sì ní ṣàì mọ ti alájọ yín tó ta mọ́tò ra kẹ̀kẹ́, tí wọ́n ní orí ló fi ń ka owó gbogbo ọjà láì ṣi ti ẹnikẹ́ni san. Abẹ́ ibo ni à bá fi òun sí?)

Kó lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà fún orúkọ àwọn tó ń san owó ẹgbẹ́, kó sì yan láti inú rẹ̀. Àwọn tó ń gbé aṣọ kiri lọ́wọ́ kò ní sí nínú ìwé yẹn. Kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò sí níbẹ̀.

Ará Mẹ́rínà

Àwa onímọ̀ ìṣúná kì í bi ènìyàn, ìwé ìṣirò ọdọọdún àwọn ilé-iṣẹ́ là ń kà, nítorí náà la ṣe máa ń fọ́nnu pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn wá. Ó kàn wá gidigidi.

Ní oṣù Keje ọdún 2004, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí olú-owó báńkì kọ̀ọ̀kan kúrò ní ₦2 bílíọ̀nù, kó di ₦25 bílíọ̀nù kí ọdún 2005 tó parí. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. 25 ló kù. Àwọn kan para pọ̀, wọ́n sì gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tí kò rí owó náà kó jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wá jókòó lónìí, ó mú àwọn báńkì tó wà ní ọjà ìpín-ìdókòwò, ó ka ìwé wọn padà sí ọdún 2000, ó sì parí ọ̀rọ̀ pé báńkì ilẹ̀ wa lágbára láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ mọ ewu tó wà lórí Ọ̀sà, tó lọ dúró sí èbúté láti bi àwọn tó sọ̀kalẹ̀ láyọ̀.

Mo tún rí ọ̀kan tó kọ ọ́ pé ìṣàkóso rere ló mú èrè báńkì fò sókè ní ọdún 2023. Oṣù Kẹfà ọdún náà ni wọ́n tú Náírà sílẹ̀ kí ọjà máa dá iye rẹ̀, tí iye rẹ̀ sì já, tí dọ́là tó wà lọ́wọ́ àwọn báńkì sì di owó ńlá ní Náírà láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́. Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án, Báńkì Àpapọ̀ fúnra rẹ̀ ti kìlọ̀ fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ pín irú èrè bẹ́ẹ̀ fún àwọn onípìn-ín.

Kẹ́mísírì Bàrígà

Ìyá mi, ẹ̀ẹ̀mẹta tí ẹ bèèrè yẹn, èmi gan-an ni ẹ bá wí.

Epo pupa ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí, láti mọ bí ásíìdì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Ìlànà Codex, ìyẹn ìlànà oúnjẹ àgbáyé, kò fẹ́ kó gbà ju 10 mílígíráàmù potassium hydroxide (èròjà tó ń pa agbára ásíìdì) lọ fún gíráàmù epo kan. Mo ra kẹ́ẹ̀gì kan, mo bu díẹ̀ sínú ọtí líle tí mo ti mú lọ́wọ́ọ́wọ́, mo kán phenolphthalein (èròjà tó ń yí àwọ̀ padà nígbà tí ásíìdì bá tán) sí i, mo sì ń jẹ́ kí potassium hydroxide kán sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí tí àwọ̀ òdòdó fi yọ, tó sì dúró fún ìwọ̀n ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ wo ìṣòro ibẹ̀: epo fúnra rẹ̀ pupa, ó ń bo àwọ̀ tí mò ń wá mọ́lẹ̀. Mo dín epo kù, mo fi ọtí kún un, mo tẹ́ bébà funfun sábẹ́ ìgò kí ojú mi lè mú un. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà, inú mi dùn, mo sì kọ ọ́ pé epo ọjà Èkó kò kọjá ìlànà.

Olùdánwò kan bi mí pé, "Kẹ́ẹ̀gì mélòó?" Ọ̀kan. "Ṣé o rò ó pọ̀ kí o tó bù ú?" Mi ò rò ó. Epo pupa máa ń dì sísàlẹ̀, kí èyí tó ń ṣàn léfòó. Orí rẹ̀ nìkan ni mo ti ń bù. Ìyá tó tà á fún mi kì í wọn epo fún ẹnikẹ́ni láì kọ́kọ́ fi ọ̀pá rò ó, ojú mi ló ṣe é, mi ò sì fi kọ́gbọ́n.

Ẹ̀ẹ̀mẹta yẹn, Màmá, ọwọ́ mi ni mo fi ń yẹ̀ wò, bóyá kò gbọ̀n. Kò sọ nǹkan kan nípa ọjà. Kẹ́ẹ̀gì ni ènìyàn ní tiwa: ká rà á lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ alátẹ, ká sì wọn ìkọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Nítorí náà òfin tó de ọmọ yín de àwa náà. A kàn ń rí ibi sá sí ni.

Atẹ̀wé Ṣómólú

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí ọmọ létí, a sì jọ lọ bá akọ̀wé ẹgbẹ́ ọlọ́jà. Inú ìwé àjákọ méjì tí wọ́n rán pọ̀ ni orúkọ wọn wà, a kà á, ìsọ̀ 640 ni. Bí Olùkọ́ Yábàá ṣe ṣe ìṣirò rẹ̀ ni a ṣe é, ó sì fún wa ní 246. Alábòójútó rẹ̀ kọ́kọ́ fajú ro, ṣùgbọ́n nígbà tí ó rí i pé orúkọ ìsọ̀ wà níbẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ìṣirò sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ní kó máa lọ.

Ó fẹ́ máa lọ ní kùtùkùtù kí ọjà tó kún, kó sì padà lọ ní ìrọ̀lẹ́ sí ìsọ̀ tí kò bá ráyè dá a lóhùn láàárọ̀. Èmi ni màá tẹ ìwé ìbéèrè náà. Ẹ̀rọ tí mo fi ń tẹ nọ́ńbà sórí rìsíìtì ni màá fi tẹ nọ́ńbà sórí ìkọ̀ọ̀kan wọn, láti 001 dé 246, kí a lè mọ èyí tó padà wá àti èyí tí kò padà. Èyí tí kò padà, yóò kọ iye rẹ̀ sínú orí kẹrin.